Ọdún méjì tí mo ti ń lo WhatsApp Business fún iṣẹ́ páìpù ní Ìbàdàn

Púlọ́ńbà ni mí. Ìsọ̀ mi wà ní apá Òjóò, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì ni a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a sì máa ń lọ láti Moníyà títí dé Àpáta bí iṣẹ́ bá pè wá. Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì báyìí tí mo ti gbé nọ́ńbà iṣẹ́ mi kúrò lórí WhatsApp tí gbogbo ènìyàn ń lò, tí mo gbé e lọ sórí WhatsApp Business, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá àwọn oníná àti àwọn tí ń tẹ́ táìlì, ti ń bi mí léèrè pé ṣé lóòótọ́ ni ó ń mú oníbàárà wá. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bí mo bá sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ náà ni. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wá oníbàárà tuntun fún ènìyàn. Àwọn tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ wa yóò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni owó wà.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, n kò sì bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n òwò ju òwò lọ. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀kọ lè kiri ní òwúrọ̀ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí rà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀kọ náà kò bá dára, àdánù ibẹ̀ kò ju ẹ̀kọ kan lọ. Ti púlọ́ńbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwẹ̀ àti iyàrá ènìyàn ni a ń wọ̀, ògiri rẹ̀ ni a ń gbẹ́, a sì lè ti lọ tán kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò láàárín òru. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sanwó fún ìkéde ọ̀sẹ̀ méjì lórí rédíò kan nílùú yìí. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ, wọ́n tilẹ̀ ń fi bá mi ṣe ẹ̀fẹ̀ ládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹni méjì péré ni ó pè mí: ọ̀kan ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti kọ́ṣẹ́, èkejì sì fẹ́ mọ iye tí mò ń ta páìpù. N kò dá rédíò lẹ́bi. Ẹni tí páìpù bá bẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kò ní jókòó dúró de ìkéde. Ẹni tí ó bá wá sí i lọ́kàn, tàbí ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ bá júwe fún un, ni yóò pè.

Ohun èlò náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde, ọ̀fẹ́ ni láti gbà á sórí fóònù, ó sì jọ WhatsApp tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ débi pé ẹni tí ó bá lè fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ yóò lè lò ó. Nọ́ńbà kan kò lè wà lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà mo gba síìmù mìíràn fún ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fi nọ́ńbà àtijọ́ tí àwọn oníbàárà mọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ó ń kun ilé ṣe òdìkejì rẹ̀, ó ra nọ́ńbà tuntun fún òwò, ó sì ń wá àwọn ènìyàn rẹ̀ kiri títí di òní. Lẹ́yìn èyí ni a ó kọ orúkọ iṣẹ́, àdúgbò, wákàtí tí a ń ṣí àti àlàyé ṣókí. Kò gbà mí lákòókò, àfi àwòrán ìdánimọ̀ tí mo pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Agbádá ni mo kọ́kọ́ wọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ nínú èyí tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, nítorí ọmọ mi obìnrin sọ fún mi pé ẹni tí ó wọ agbádá kò jọ ẹni tí yóò wọ abẹ́ síǹkì.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ yìn nínú rẹ̀ ni àtẹ ọjà, níbi tí oníṣòwò ti lè pàtẹ ohun tí ó ń tà pẹ̀lú àwòrán àti iye owó, títí dé 500 ohun. Fún ẹni tí ń ta bàtà, iṣẹ́ ńlá ni èyí ń ṣe. Fún púlọ́ńbà, ìdẹkùn ni. Ní oṣù tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ iye owó sí abẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: pípààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ omi, iye báyìí, títún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ń jò ṣe, iye báyìí. Màmá kan ní Bódìjà rí i, wọ́n pè mí, a sì fẹnu kò sí iye tí ó wà níbẹ̀. Ilé wọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó dá ẹ́sítéètì Bódìjà sílẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950, páìpù irin sì ni ó wà nínú ògiri rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan irú páìpù bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Lóde, ó le bí òkúta; nínú, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ìwé, ihò tí omi ń gbà kọjá kò sì ju ìka ọmọdé lọ mọ́. Mo rọra fi sípánà yí ẹnu ẹ̀rọ náà, òun àti páìpù sì jọ jáde sí mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú di iṣẹ́ ọjọ́ méjì, a gbẹ́ ògiri títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, màmá sì gbé fóònù síwájú mi, wọ́n ní, "Ọ̀gá púlọ́ńbà, ohun tí o fọwọ́ ara rẹ kọ rèé." Ẹ̀bi mi ni. Owó ọjà nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, mo ka owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì náà sí owó ìkọ́ṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pa gbogbo iye owó rẹ́. Àwòrán iṣẹ́ nìkan ni ó kù lórí àtẹ mi báyìí, bí ó ti rí kí a tó fọwọ́ kàn án àti bí ó ti rí nígbà tí a ṣe é tán, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a ó wá wò ó kí a tó dá iye lé e. Màmá náà ṣì ń pè mí títí di òní.

Ọ̀rọ̀ ìkíni tí ohun èlò náà ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ tún ní ìtàn tirẹ̀. Ó máa ń lọ nígbà tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ kọ̀wé síni, tàbí nígbà tí ó bá ti tó ọjọ́ 14 tí ẹ ti gbúròó ara yín kẹ́yìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ báńkì. Mo yí i padà sí Yorùbá: "Ẹ ǹlẹ́ o. A ti rí ọ̀rọ̀ yín. Bí omi bá ń tú jáde lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá, ẹ má ṣe dúró de ìwé." Bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀wé sí mi ní ọjọ́ Àìkú, ìkíni náà sì lọ bá wọn. Bàbá dáhùn pé kò tú jáde, ó kàn ń kán ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò rí i. Bàbá dúró. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, wọ́n tún kọ̀wé pé àwọn kò fẹ́ràn ẹni tí ń kíni tí kì í dúró gbọ́ èsì. Ìgbà tí mo dé ilé wọn ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé ìwọ ni o kọ ọ́ tàbí fóònù?" Mo ní fóònù ni, sà. Wọ́n ní, "Kí fóònù wá tún un ṣe nígbà náà." Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti fi gbólóhùn kan kún ìkíni náà pé ẹ̀rọ ni ó ń sọ̀rọ̀, àti pé èmi fúnra mi yóò dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibi tí mo ti jèrè ohun èlò yìí gan-an ni ibi tí àwọn ènìyàn kì í sábà débẹ̀: àmì tí a lè lẹ̀ mọ́ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ó gbà wá láyè àmì 20. Wọ́n ti fi márùn-ún síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí oníbàárà tuntun àti owó tí kò tíì wọlé, àwọn tí ń ta ọjà ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Mo dá tèmi sílẹ̀: "Kànga", "Páìpù Irin", "Onílé Wà Lókè Òkun", àti "Padà Lọ Wò". Kí n tó kúrò nílé ẹnikẹ́ni ni mo máa ń lẹ àmì mọ́ orúkọ rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ mi ṣì tutù. Ìwé jọ́tà ni mo ń kọ gbogbo èyí sí tẹ́lẹ̀, títí ó fi bọ́ sínú táńkì kan ní Ẹléyẹlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi àmì "Kànga" ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ni kò gbójú lé omi ìjọba. Kànga tàbí bohóòlù ni wọ́n ti ń fa omi lọ sí táńkì orí òpó. Bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì mú, omi inú kànga yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí a sọ kalẹ̀ sí ibi tí omi wà ní oṣù Ọ̀wàrà lè máa fa afẹ́fẹ́ ní oṣù Èrèlé. Omi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó sì ń fà, ni ó ń mú un tutù, nítorí náà bí kò bá rí omi fà mọ́, yóò gbóná títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi jóná. Ẹni tí ó bá pè mí ní oṣù Èrèlé, ẹ̀rọ rẹ̀ ti jóná kí ó tó pè, ẹkún owó ńlá ni yóò sì sun. Ẹni tí èmi bá pè ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ, iṣẹ́ kékeré ni: a ó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sí i bí kànga bá gbà á láyè, tàbí kí a so ohun tí yóò máa pa á fúnra rẹ̀ bí omi bá tán mọ́ ọn. Owó tí mo ń gbà lórí iṣẹ́ kékeré yìí kò tó èyí tí mò bá gbà lórí ẹ̀rọ tuntun, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jóná a máa bínú sí gbogbo ẹni tí ó ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí, èmi náà a sì wà nínú wọn.

Nítorí náà, bí ọdún bá ti yí, mo máa ń ṣí àmì "Kànga", mo ń mú orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo ń wo àwòrán tí mo yà nílé náà nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ, mo sì ń kọ ohun bí èyí: "Ẹ kú ọdún o, mà. Púlọ́ńbà Òjóò ni. Omi kànga ti ń lọ sílẹ̀ lásìkò yìí, mo sì rántí pé ẹ̀rọ yín kò jìn sí ojú omi nígbà tí mo wá ní oṣù Agẹmọ. Ṣé kí n yà wò ó?" Kò sí ẹ̀dínwó níbẹ̀, kò sí àwòrán olódòdó. Ní ọdún yìí, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé mọ́kàndínlógún ni ọ̀rọ̀ yìí mú wa wọ̀, gbogbo wọn ni a sì ti ṣiṣẹ́ fún rí. Ní mẹ́rin nínú wọn, mo bá a pé kò sí ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, mo gba owó ọkọ̀, mo lọ. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí ni ó júwe mi ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wọn, n kò sì tíì rí ìkéde kan tí ó tó ìyẹn.

A lè fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àkójọ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àkójọ kan sì gba ènìyàn 256. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà wa pamọ́ sínú fóònù rẹ̀, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í rántí nígbà tí wọ́n bá ń ráhùn pé àwọn fọ́n ọ̀rọ̀ ká, ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn. Mo ti sọ ọ́ di àṣà pé kí n tó kó irinṣẹ́ mi, mo máa ń bẹ oníbàárà pé kí ó fi nọ́ńbà mi pamọ́ ní ojú mi, kí ó sì kọ "Púlọ́ńbà Òjóò" síbẹ̀. Nínú fóònù àwọn ènìyàn, púlọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó máa ń wà, tí gbogbo wọn ń jẹ́ "Plumber", "Plumber 2", "Plumber new". Ní òru tí omi bá bẹ́, èyí tí wọ́n bá lè dá mọ̀ ni wọn yóò tẹ̀.

Síbẹ̀, n kò lo àkójọ náà mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fi kí àwọn ènìyàn kú ọdún, ọkùnrin kan tí ó ti kú wà lára àwọn tí mo kí. Bàbá náà ti lọ láti oṣù mẹ́ta, n kò gbọ́. Ọmọ wọn obìnrin tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dá mi lóhùn: "Bàbá ti sinmi, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí wọn." Mo ti kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́" tán kí n tó rí i pé ìyẹn kò tó. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, mo bá màmá níbi tí wọ́n jókòó sí, mo sì bá wọn jókòó díẹ̀. N kò mú àpò irinṣẹ́ dání. Láti ìgbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń kọ̀wé sí àwọn ènìyàn mi, bí ó tilẹ̀ ń gbà mí ní alẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dọọdún, mo sì máa ń kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé kí n tó dárúkọ omi.

Àmì "Onílé Wà Lókè Òkun" náà yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohun tí ó máa ń ba àárín púlọ́ńbà àti oníbàárà jẹ́ nílùú wa ni owó ọjà. Gbogbo ènìyàn gbà pé púlọ́ńbà ń bu owó lé e, àwọn kan nínú wa sì ń bù ú lóòótọ́. Ẹni tí ó wà ní Kánádà, tí àbúrò rẹ̀ ń bá a mójú tó ilé, ti gbà ní ọkàn rẹ̀ pé àbúrò àti púlọ́ńbà ti jọ pín in. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo ń ya àwòrán ohun tí ó bàjẹ́ ní ibi tí ó wà, mo ń gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù ìwọ̀n kí ó rí i bóyá ti ìdajì íǹṣì ni tàbí ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo ń ya rìsíìtì ìsọ̀ tí mo ti rà á, mo sì ń ya tuntun náà kí a tó tú u kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, fídíò omi tí ń ṣàn ni yóò kẹ́yìn, àti òmíràn ní ọjọ́ kejì tí yóò fi ògiri gbígbẹ hàn. Èyí tí ó bàjẹ́, inú ọ̀rá ni mo ń dì í sí fún àbúrò onílé, n kì í gbé e lọ. Mo ń kọ owó iṣẹ́ mi lọ́tọ̀, láìfi í pamọ́ sábẹ́ owó ọjà. Ọkùnrin kan tí n kò fojú rí rí, tí ó ní ilé ní Àpáta, ni ó fún mi níṣẹ́ jù lọ ní ọdún tó kọjá: ilé tirẹ̀, lẹ́yìn náà ti àna rẹ̀, lẹ́yìn náà ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ wà ní ìlú kan náà lọ́hùn-ún. Lóòótọ́, gbogbo èyí ṣeé ṣe lórí WhatsApp lásán. Àǹfààní ti òwò ni pé bí ó bá di oṣù mẹ́jọ tí ó sì tún pè, àmì ń jẹ́ kí n rí i kíákíá láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ, kí n sì sọ fún un irú bọ́ọ̀lù táńkì tí mo fi síbẹ̀ kí ó tó béèrè.

Ohun kan tún wà tí ó kéré ṣùgbọ́n tí mo fẹ́ràn. Ohun èlò náà ń fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní QR code, àwòrán onígun mẹ́rin tí fóònù lè kà, tí yóò sì gbé ẹni tí ó kà á tààrà wá sọ́dọ̀ wa. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tẹ sítíkà ní Mọ́kọlá, mo ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà mi gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ nítorí àwọn àgbà, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́. Abẹ́ síǹkì, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ, ìdí táńkì: ibẹ̀ ni mò ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú oníbàárà yóò wà nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Àwọn ayálégbé máa ń kó lọ, àwọn tuntun a sì kó dé, sítíkà a máa dúró de wọn. Ẹni tuntun mẹ́rin ni mo rí nípasẹ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, èyí tí ó ju ohun tí àtẹ ọjà mú wá lọ.

Fún ẹni tí oníbàárà tuntun jẹ lógún jù, Google Business Profile ni kí ó kọ́kọ́ lọ ṣe, òun náà kò gba owó. Ibẹ̀ ni àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú ti ń wá púlọ́ńbà tí ó sún mọ́ ọn, tí yóò sì ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀. Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ ilé wa, a lè fi àdírẹ́sì pamọ́, kí a kọ àwọn àdúgbò tí a ń lọ nìkan. Kí a má kàn fi ẹ̀dínwó tàbí ẹ̀bùn bẹ ènìyàn láti kọ ọ̀rọ̀ rere síbẹ̀ o, Google ti fòfin de ìyẹn. Bíbéèrè lásán kò burú: mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti pè mí lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé pípè tí ó pè mí padà ti jẹ́rìí sí mi ná.

Àbùkù WhatsApp Business kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Status tí a bá fi síbẹ̀ a máa pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, tí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí ènìyàn fi ẹ̀jẹ̀ ṣe yóò sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ pé a kò sí nítòsí kì í lọ bí fóònù kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí dátà tán gan-an ni a nílò rẹ̀. Àwọn àmì kì í rán ènìyàn létí. Bí a kò bá ṣí wọn, wọ́n á kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni. A lè so fóònù ọmọ iṣẹ́ mọ́ ọn, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, títí ọ̀kan nínú wọn fi sọ iye owó fún oníbàárà láti orí ìjókòó láìtíì rí ilé. Mo já a. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà pamọ́ níbòmíràn pẹ̀lú, nítorí fóònù púlọ́ńbà ń wẹ̀ ju fóònù ẹnikẹ́ni lọ.

Bí mo bá fún un ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni fún ẹni tí ó ti ní oníbàárà bí ọgọ́ta sókè tí kò sì fẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun, mẹ́ta péré ni fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì ní ẹnì kan. Kí onítọ̀hún tẹ sítíkà ná, kí ó sì ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá tí kò ní jò.

Ní alẹ́ àná, mo ṣí "Padà Lọ Wò". Orúkọ mẹ́fà ni mo bá níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ti kọjá oṣù mẹ́fà tí mo dá fún wọn, ọ̀kan sì ni bàbá tí ó ní kí fóònù wá tún ẹ̀rọ ṣe. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní ọ̀la, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni kí n wá.